ÀJÀYÍ CROWTHER ÀTI ỌMỌ TÍ WÚŃDÍÁ BÍ

Bí àsìkò ọdún Ìbí Olúwa bá ti tó, Màríà ìyá Jésù ni a sábà máa ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màríà kò ní kúrò níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Màríà ni ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ní èdè tí àwa náà ń sọ.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Àwọn ọmọ wa ń kà nípa rẹ̀ ní ilé ìwé pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà, àti pé òun ni olórí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Àwa tí a ń gbé ní Akọka àti Bàrígà, ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé rẹ̀ la ń gbà kọjá láìronú kàn án. CMS Grammar School tó wà ní Bàrígà lónìí, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 6 June 1859, Thomas Babington Macaulay, ọkọ Abigail ọmọ Crowther, ni olùkọ́ àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Abigail yìí náà ló bí Herbert Macaulay tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ìdílé ńlá ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè wọn ló mú wa kọ ìwé yìí.

Orúkọ tí ìbí sọ ọmọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ rẹ̀. Àjàyí kì í ṣe orúkọ tí bàbá ń jókòó ronú kó tó sọ ọmọ. Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bí i, Àjàyí ni, ó ti mú orúkọ rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde ń jẹ́ Ìgè, èyí tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn ń jẹ́ Òjó tàbí Àìná, àwọn ìbejì ní tiwọn, ẹni tó sì tẹ̀ lé wọn ní tirẹ̀. Àwọn baba ńlá wa fi ojú sílẹ̀ wo bí ọmọ ṣe ń wá sáyé, wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò pè é. Síbẹ̀, nínú gbogbo orúkọ àmútọ̀runwá tí wọ́n ní, kò sí ọ̀kan fún ọmọ tí kò ní bàbá nínú ayé. Bí obìnrin bá lóyún tí a kò rí ẹni tó loyún, orúkọ tó wà nílẹ̀ wa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé pè láàárín àwùjọ, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà dé ibẹ̀.

A bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1807 ní ìlú Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, Afálà sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ, pé nígbà tí wọ́n bí i, babaláwo sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ yìí fún òrìṣà kankan, Olódùmarè nìkan ni yóò sìn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, n kò gbé ìtàn náà sórí ju bó ti yẹ lọ, nítorí bí ènìyàn bá ti di ẹni ńlá tán, ìtàn ìbí rẹ̀ a máa dùn sí i lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́.

Ní 1821, bí àwọn ìyá ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, àwọn ajagun ya wọ Òṣogùn. Wọ́n fi okùn so Àjàyí mọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, ọ̀kan nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan. Bí wọ́n ti ń dá wọn lọ ni iná ń jó ìlú lẹ́yìn wọn. Láìpẹ́, wọ́n pín wọn bí ìkógun. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n bá dá ọmọ padà. Ìdápadà yìí mú kí ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó tún tà á lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tà á fún àwọn Òyìnbó Potogí, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́. Ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n mú un dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ Potogí. Ní 7 April 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ akẹ́rú náà lójú òkun, wọ́n sì gbé àwọn ẹrú tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí Àjàyí ti sọ̀ kalẹ̀ ní 17 June ọdún náà.

Ní tirẹ̀, ó ti dòmìnira. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin abiyamọ tó ń ka ìwé yìí, ẹ ro ti Afálà wò. Ọmọ rẹ̀ wọ inú igbó ẹrú lọ, kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ní Sàró

Ní Sàró, ilé ìwé ìjọ ló gbà á. Ó mọ ìwé kíá, wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ̀lú. Ní 11 December 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé sí Fourah Bay ní 1827. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí àwọn náà gbà lọ́wọ́ akẹ́rú, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan, tó sì jẹ́ olùkọ́ bíi tirẹ̀. Ní 1841 ó bá àwọn Òyìnbó lọ sí Odò Ọya nínú ìrìn àjò tí ibà ti pa púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n rí i bó ti ṣe níbẹ̀, wọ́n ní kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní 1843.

Kí ó tó padà dé Sàró ní ìparí ọdún náà, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ nílé. Àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Yorùbá mìíràn tó ti dòmìnira ní Sàró ti ń padà sí Badagry àti Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń ránṣẹ́ pé kí ìjọ wá bá àwọn. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tiwa ló kọ́kọ́ jẹ́ ìpè náà: Thomas Birch Freeman, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, gúnlẹ̀ sí Badagry ní 24 September 1842, ó sì dé Abẹ́òkúta kí ọdún náà tó parí. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń yin àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Freeman kò gbọ́ Yorùbá. Ògbifọ̀ ló ń bá a sọ ọ́. Ohun tó kù nìyẹn: ẹni tí yóò dìde dúró láti fi èdè Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ náà láìsí ògbifọ̀ láàárín.

9 January 1844

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní Freetown pé ìsìn yóò wà ní èdè Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Èrò pọ̀. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló wá. Àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kò gbọ́ èdè náà pàápàá wá wo ohun tuntun. Crowther dìde. Ó ti ń wàásù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti kọ ìwé lórí gírámà Yorùbá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó jẹ́wọ́ pé ṣe ló dà bí ẹni pé òun jẹ́ ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fọhùn ní èdè ìyá rẹ̀.

Kí ló mú láti wàásù lé lórí? Ó lè mú òfin mẹ́wàá. Ó lè mú ìtàn Jósẹ́fù tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà sóko ẹrú, tí gbogbo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ìbá sunkún gbọ́, nítorí ìtàn tiwọn ni. Kò mú ìyẹn. Ó ṣí Ìhìnrere Lúùkù, orí kìíní, ẹsẹ 35, níbi tí Gabrieli ti ń dá Màríà lóhùn lórí bí wúńdíá yóò ṣe lóyún, tó sì sọ ohun tí a óò máa pe ọmọ náà fún un. Ẹsẹ yẹn ni Crowther túmọ̀ sí Yorùbá tó sì kà sí wọn létí. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò tíì gún tán: níbi tí Bíbélì wa lónìí ti sọ pé ọmọ náà jẹ́ mímọ́, ọ̀rọ̀ tí Crowther lò lọ́jọ́ náà ni ọ̀wọ̀. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ, àwọn ènìyàn ń dá a lóhùn láti orí ìjókòó bí Yorùbá ti ń ṣe níbi àdúrà, pé kó ṣẹ.

Mo ti rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ìdí tó fi jẹ́ ẹsẹ yẹn. Ọdún Kérésìmesì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni lóòótọ́, ìyẹn lè jẹ́ apá kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó jókòó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn dàgbà nílé kí wọ́n tó kó wọn lẹ́rú. Wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní ìbálé. Wọ́n mọ aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ fún ìyàwó ní alẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, àti bí ìdílé ọkọ ṣe ń ránṣẹ́ sí ilé ìyàwó lọ́jọ́ kejì: agbè ẹmu tó kún dẹ́nu bí ọkọ bá bá a nílé, èyí tó dín ní ìlàjì bí kò bá bá a. Wọ́n mọ bí ìyá ìyàwó ti ń jó, wọ́n sì mọ bí ó ti ń wọ inú yàrá lọ tilẹ̀kùn. Lójú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Màríà kì í ṣe àwòrán aláwọ̀ búlúù tó wà lára káàdì. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti fẹ́ sílé ọkọ, tí oyún wá yọ lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e níyàwó! Ìtìjú tó tó ìtìjú ni. Orúkọ tí a kò lè pè láwùjọ yẹn ló ń dúró de ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, orúkọ gan-an ni ẹsẹ tí Crowther kà sọ. Áńgẹ́lì kò kàn sọ pé Màríà yóò bímọ. Ó sọ ohun tí a óò máa pe ọmọ. Ọmọ tí ayé kò ní orúkọ fún ju orúkọ ẹ̀gàn lọ, Ọlọ́run ti fún un lórúkọ kó tó dé inú ìyá rẹ̀: Ọmọ Ọlọ́run. Àwọn tí a ti pè ní ẹrú, tí a ti fi ṣe pààrọ̀ ẹṣin, tí orúkọ ilé wọn ti sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, ló ń gbọ́ ọ ní èdè tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ.

Ohun tí ìjọ gbàgbọ́

Níhìn-ín ó yẹ ká dúró díẹ̀, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì wa, a máa ń sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni pé ìyanu lásán ni, ọ̀kan lára ọ̀pọ̀.

Sárà bímọ ní ọjọ́ ogbó. Hánà tọrọ ọmọ pẹ̀lú omijé títí Sámúẹ́lì fi dé. Èlísábẹ́tì bí Jòhánù nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sọ̀rètí nù. Obìnrin ilé ọkọ ni gbogbo wọn, Ọlọ́run sì ṣí inú tó ti sé. Ti Màríà yàtọ̀ pátápátá. Kò tọrọ ọmọ. Kò yàgàn. Kò tíì mọ ọkùnrin. Nítorí náà, kò dára bí àwọn kan ṣe máa ń gbé ìtàn Màríà ka iwájú arábìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ, tí wọ́n ń sọ pé bí ó ti ṣe fún Màríà ni yóò ṣe fún un. Kí wọ́n mú Hánà fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Màríà kò ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn rí, kò sì ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ohun tí ìjọ ti ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé bíbọ̀ Jésù kò ti ọwọ́ ènìyàn wá. Kì í ṣe ipá ọkùnrin, kì í ṣe ètò ìdílé, kì í ṣe pé ayé ti dára tó kó lè bí Olùgbàlà fúnra rẹ̀. Ọlọ́run ló dá a, ọ̀fẹ́ ló fi ṣe é, ohun tí a sì béèrè lọ́wọ́ Màríà kò ju kí ó gbà lọ. Bí ó bá ní bàbá bí àwa náà ti ní, à bá lè sọ pé ènìyàn rere kan ni, tí Ọlọ́run wá gbé ga lẹ́yìn náà. Bí kò bá sì ti inú obìnrin wá, à bá lè sọ pé iwin tàbí áńgẹ́lì kan ló gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó lo oṣù rẹ̀ pé nínú obìnrin, ó mu ọmú, ó sunkún. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá dìde ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, yàtọ̀ sí Jésù fúnra rẹ̀, orúkọ ènìyàn méjì péré ló wà nínú rẹ̀: obìnrin tó bí i àti gómìnà tó ní kí wọ́n pa á. Charles Wesley kò fi í sílẹ̀ pẹ̀lú. Orin Kérésìmesì rẹ̀ ti 1739 tí gbogbo ayé ń kọ mẹ́nu kan inú wúńdíá tí Olúwa ti wá.

Ó sì yẹ ká sọ eléyìí ní gbangba: nígbà tí a bá ní Ọmọ Ọlọ́run ni, kì í ṣe pé Ọlọ́run gba ipò ọkọ lọ́dọ̀ Màríà. Ìríra ni irú èrò bẹ́ẹ̀ lójú àwa náà. Ẹ̀mí Mímọ́ ló ṣíji bò ó, bí ó ti rà bàbà lórí omi ní ìgbà ìṣẹ̀dá.

Ìyá rẹ̀

Ní 1845 Crowther gúnlẹ̀ sí Badagry, ó sì dé Abẹ́òkúta ní August 1846. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ tí ó fi gbọ́ pé ìyá òun ṣì wà láàyè, nítòsí. Ní 21 August 1846, Afálà àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan wọlé wá bá a. Ó ti di àgbàlagbà. Òun náà ti jẹ ìyà oko ẹrú. Nígbà tí ó rí Àjàyí, ó gbọ̀n; kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo ara wọn lójú, omi ń bọ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ là, orúkọ tó ń pè é nígbà tó wà ní kékeré ló fi ń pè é. Àwọn ìbátan tó kù jókòó, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé Crowther kò fi agbára mú ìyá rẹ̀. Àlùfáà ni, ọmọ sì ni. Afálà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ní èdè rẹ̀, ó ju ọdún kan lọ. Ní 5 February 1848 ni a tó ṣe ìrìbọmi fún un pẹ̀lú àwọn mìíràn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹni tó yan orúkọ yẹn mọ Bíbélì dáadáa: ìyá Sámúẹ́lì ni Hánà. Hánà ti inú Bíbélì fi ọmọ rẹ̀ fún Olúwa pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ti Òṣogùn, wọ́n já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, Olúwa sì wá padà sọ fún un ibi tí ọmọ wà.

Ní Abẹ́òkúta yìí ni iṣẹ́ ìtumọ̀ ti gbóná. Crowther kò jókòó sínú yàrá túmọ̀ nìkan. Ó ń lọ bá àwọn àgbà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń pa òwe, ó ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n sílẹ̀. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Ìhìnrere Lúùkù tẹ̀ lé e ní 1851 pẹ̀lú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Ní ọdún kan náà, níwájú Ọbabìnrin Victoria ní Windsor, ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá, dídùn èdè náà sì wọ ọbabìnrin létí. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, àwọn ìwé Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún sì jóná mọ́ ọn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn mìíràn, odindi Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, wúńdíá sì ni ọ̀rọ̀ tó dúró nínú rẹ̀ fún Màríà. A ti lò ó pẹ́ débi pé a kì í ronú mọ́ pé ẹnì kan ní láti yan ọ̀rọ̀ yẹn.

Mọríámọ̀ àti Màríà

Ibi tí ìtàn Crowther ti kan àwa obìnrin Ṣómólú, Bàrígà àti Akọka jù nìyí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bá Mùsùlùmí gbé inú ọgbà kan, tí à ń fa omi nínú kànga kan, tí à ń kí ara wa kú ọdún. Ìyá Mọríámọ̀ ń bẹ nílé kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ní ìbátan tó jẹ́ Mùsùlùmí.

Nígbà tí Crowther wà ní ọ̀dọ́ ní Sàró, ó máa ń bá àwọn Mùsùlùmí jiyàn gidi. Ó gbóná. Ó ń já ọ̀rọ̀ wọn nírọ́, kò sì rí èso kankan ju ìbínú lọ. Bí ó ti ń dàgbà tí iṣẹ́ sì gbé e lọ sí Odò Ọya láàárín àwọn ọba Mùsùlùmí, ó yí ọ̀nà padà. Ó kíyè sí i pé Al-Kùránì pẹ̀lú jẹ́wọ́ pé wúńdíá ni ìyá Ànọ́bì Ísà, pé áńgẹ́lì ló mú ìròyìn wá bá a, àti pé odindi súrà kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wá ń gbà wọlé: ìbí ìyanu, áńgẹ́lì Gabrieli, ọlá tí Ọlọ́run fún Jésù. Lórí èyí tí ẹ̀sìn méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan, ó ń jókòó pẹ̀lú wọn bí ènìyàn àti ènìyàn. Nígbà tí wọ́n bá béèrè ohun tó le, kò fi ọgbọ́n orí dáhùn. Ìwé Mímọ́ ló ń ṣí. Ní 1872, nígbà tó gba Ìlọrin kọjá bọ̀ sí Èkó, ààfin Ẹ́míà ni wọ́n ti ń bi í ní ìbéèrè, Ìwé Mímọ́ ló sì fi ń dá wọn lóhùn níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó sọ ọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé ìrírí ọ̀pọ̀ ọdún ló kọ́ òun pé Bíbélì gbọ́dọ̀ ja ìjà ara rẹ̀, bí Ẹ̀mí Mímọ́ bá ti darí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó fi ìgbàgbọ́ pamọ́. Ẹsẹ tó kà ní Freetown ní 1844 kò dúró sórí wúńdíá nìkan. Orí Ọmọ Ọlọ́run ló parí sí, ibẹ̀ gan-an ni àwọn Mùsùlùmí sì ti yà kúrò lọ́dọ̀ wa. Crowther mọ ibi tí ọ̀nà ti pín. Ó kàn rí i pé kò sí ìdí tí a kò fi ní jọ rìn dé ibẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rẹ̀ ìwàásù fún ìyá Mùsùlùmí láti orí ohun tí yóò bí i nínú, tí ìyẹn bá sì fi ìlẹ̀kùn sé, wọn a ní ọkàn rẹ̀ yigbì. Bí mo bá rí ìyá tó ń jẹ́ Mọríámọ̀, mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ìparí ọjọ́ rẹ̀

Ní 29 June 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ó sì lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kù láyé rẹ̀ lórí iṣẹ́ Odò Ọya, lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀. Ìbànújẹ́ ló fi parí rẹ̀. Ní August 1890, ní Onitsha, àwọn míṣọ́nárì ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀: wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì dá Dandeson ọmọ rẹ̀ dúró pẹ̀lú. Bàbá arúgbó náà kọ ipò alága ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ó dìde kúrò níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, Òyìnbó ni. Àwọn òpìtàn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí èyí, n kò ní tún un kọ.

Afálà, ìyẹn Hannah, kò sí níbẹ̀ láti rí i. Ó ti sùn nínú Olúwa ní 1883, ní Èkó, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni odindi Bíbélì jáde ní èdè tó fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kú ní Èkó ní 31 December 1891, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ orin Kérésìmesì nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Itẹ́ òkú Àjẹlẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Akọka dé Marina lónìí yóò rí ibi ìrántí rẹ̀ nínú Cathedral Church of Christ.